Bí Bàbá Ẹ̀dínwó Ṣe Ná Oògùn

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Odode pé Bàbá Olúlékè ná oògùn ní ọsibítù. Kì í ṣe owó oògùn ló ná o. Iye tí yóò gbé mì ló ná.

Dókítà Zulaikha, ọmọdébìnrin kan tí ojú rẹ̀ kéré ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí Bàbá máa lo hóró méjìlá láràárọ̀. Bàbá wo ìwé náà bí ẹni ń wo kòkó tí kò gbẹ.

"Méjìlá kẹ̀? Dókítà, ṣé mẹ́ta kò ní gbà?"

"Bàbá, mi ò tà á fún yín o."

"Mo mọ̀. Ó dáa, mẹ́rin. Mo ti fi ọ̀kan lé e."

"Méjìlá ni, Bàbá."

"Márùn-ún, torí pé o jọ ọmọ ọmọ mi."

Méjìlá náà ni Dókítà tẹnu mọ́. Ni Bàbá bá fẹ́ dìde kó máa lọ, kí wọ́n lè pè é padà, bí oníbàárà gidi ṣe ń ṣe. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dojú rú, nítorí àìlèdìde gan-an ló gbé e wá sí ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tiraka, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àga fà á padà.

Ogójì ọdún ni Bàbá, tó ti di olóògbé báyìí, fi ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè, kò sì gba iye àkọ́pè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. "Iye àkọ́pè kì í ṣe iye," ló máa ń wí, "àbùlé ti wà nínú ẹ̀." Bí wọ́n bá ní orin mẹ́ta làwọn máa kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní kí wọ́n ṣe é ní ọ̀kan àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Ẹ̀dínwó.

Itan ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ mú un. Bó bá ti jókòó sórí àpótí kúkurú tó ń lò nídìí òṣùwọ̀n, kò lè dìde mọ́. Kàkà kó jẹ́wọ́, ńṣe ló ń nájà lọ. Olúbáyọ̀, àgbẹ̀ kan láti Aládé, gbé kòkó dé láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́, wọn ò tíì fẹnu kò.

"Bàbá, ebi ń pa mí. Ẹ mú un níye tó bá wù yín!"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo àwọn tó ń ra kòkó ládùúgbò ti lọ kan àpótí kúkurú.

Ìyàwó rẹ̀, Kùdírátù, ni kò ṣeé tàn. Lọ́jọ́ tí Bàbá ò lè gbé apá sókè wọ sùtánà, ó ní, "Bàbá Olúlékè, ṣé apá náà ń nájà ni?" Ó sì pe takisí.

Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí Bàbá ná méjìlá tì, Dókítà ṣàlàyé fún wọn. Ó ní àwọn sójà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sáítókáìnì ló ń sáré kiri pè wọ́n sójú ìjà. Ní ti Bàbá, àwọn ìránṣẹ́ ń pariwo olè níbi tí kò sólè. Sójà dé, wọ́n da igi bo iṣan èjìká àti itan rẹ̀. Iṣan tí wọ́n ń lù náà ń pariwo tirẹ̀, ariwo yẹn tún ń pe sójà mìíràn wá.

"Ta ló kọ́kọ́ rán wọn níṣẹ́?"

"Bàbá, a ò tíì mọ̀ ọ́n dájú."

"Ẹ mọ ìránṣẹ́ lórúkọ, ẹ ò mọ ẹni tó rán an. Bíi ti ìjọba wa náà ni."

"Oògùn yìí ló máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ má dín in kù fúnra yín o. Iṣan tó bá ti kú tán, kì í jí."

Bàbá délé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀ṣúndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní àwọn àjẹ́ ìdílé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀ṣúndé, dákẹ́. Ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Íńtálúkìn nọ́ńbà mẹ́fà wà lára àwọn tó ń bá mi jà. Àjẹ́ wo lo rí tó ní nọ́ńbà?"

Àmọ́ hóró márùn-ún péré ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbé mì. Ó dá a lójú pé Dókítà ti bu àbùlé lé e. Kò pé oṣù méjì tí omi mímu fi ń há a lọ́fun, tí kò sì lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Kùdírátù gbọn àpò kòkó kan, oògùn dà sílẹ̀ bí àgbàdo. Ó fi ẹkún gbé Bàbá padà lọ sí ọsibítù, ó sì fa Dókítà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, ọkọ mi ò ní gba iye àkọ́pè títí ayé."

Dókítà wọlé padà, ó fajú ro. "Bàbá, ó ti burú sí i. Ogún ni báyìí."

"Ogún! Mẹ́jọ!"

"Méjìdínlógún."

"Mẹ́wàá. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Dókítà kó ìwé rẹ̀, ó dìde, ó dọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn.

"Padà wá!" Bàbá ké. "Méjìlá! Kò sí ìkan lé e!"

Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló wà tó ń yin ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tì í jáde: "Mẹ́jọ ni mo já lulẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀!" Láti ọjọ́ yẹn, ó ń gbé méjìlá mì láìku ọ̀kan, títí Dókítà fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ẹni tó ti nájà kì í fi ọjà sílẹ̀.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, òun àti Olúbáyọ̀ tún wà nídìí òṣùwọ̀n. Bàbá gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó mí kanlẹ̀. Kùdírátù na ọwọ́ méjèèjì láti ẹnu ọ̀nà, kò sì jẹ́ kó dé ara rẹ̀. Àpótí náà mì. Bàbá nàró.

"Olúbáyọ̀, mò ń lọ o," ló wí. Olúbáyọ̀ mọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, ó lè lọ lóòótọ́. Ló bá gbà.

Ọdún mẹ́fà ló tún fi rìn. Ó sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kan lọ́dún tó kọjá, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, kò sì jí mọ́. Dókítà Zulaikha wá kí wọn ní Odode. Ó jókòó ti Kùdírátù, kò lè gbé ojú sókè.

"Màmá, ó ń dùn mí. Mo tan Bàbá jẹ. Méjìlá náà ni mo fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀."

Kùdírátù rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

"Ó mọ̀. Inú takisí ló ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, 'Ọmọ yẹn ò mọ ọjà pè rárá, méjìlá ti hàn lójú ẹ̀ kó tó pe ogún. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí mi ló ń ná bẹ́ẹ̀ yẹn, Kùdírátù. Mo ní kó jèrè.'"

Dókítà fi etí híjáàbù rẹ̀ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.