Bí Mo Ṣe Dúpẹ́ fún Màrìwò

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ohun tí mo ní láyé jẹ́ ilé kan tí kò tíì ní òrùlé, ní Ìkàrẹ́. Ọ̀kà ni mo ń gbé, níbi tí mo ti ń ránṣọ, gààrí gbẹrẹfu ni mo sì ń mu kí n lè ra búlọ́ọ̀kù. Bàbá tó múlé tì mí ló ń bá mi ṣọ́ ilé náà. Bí ewúrẹ́ lásán bá wọ ibẹ̀, yóò pè mí lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ni mo ka ara mi sí. Èmi ni mo ń rán aṣọ ọdún rẹ̀, n kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò náà máa ń gba owó ọdẹ. Mo jẹ wọ́n, n kò ní parọ́. Iṣẹ́ kò lọ dáadáa lọ́dún náà. Òfin wọn ni pé kí wọ́n tó ta ilé ẹni tó bá jẹ gbèsè, alámùúlégbè rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un, kí wọ́n sì so màrìwò mọ́ ilé náà, kí onílé lè wá bẹ̀bẹ̀. Èmi tí n kì í lọ sípàdé, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀?

Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo bá màrìwò lẹ́nu ọ̀nà. Nílé wa, inú oko la ti ń so ó, kí ọwọ́ olè má baà kan iṣu. Ọlọ́gbọ́n bíi tèmi! Mo ní bàbá ló so ó nítorí àwọn tó ń jí búlọ́ọ̀kù. Mo lọ bá a nílé rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ níwájú àwọn àlejò tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo rí màrìwò o."

Ó wò mí títí, ó ní, "Kò tó ọpẹ́, ọmọ mi."

Nígbà tí mo tún padà lọ, wọ́n ti ta ilé náà. Ọmọ bàbá yìí ló rà á. Mo fi ẹkún wọ ìpàdé wọn, mo ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Alága yíjú sí bàbá.

"Mo sọ fún un," ni bàbá wí. "Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀."

Àwọn àlejò ọjọ́ náà sì jẹ́rìí, nítorí òótọ́ ni wọ́n rí mi lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti yí òfin náà padà, pé onílé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè síwájú ìpàdé báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ilé yẹn kò dùn mí mọ́ tó ti àtijọ́. Ẹni tó bá wà láàyè lè kọ́ òmíràn. Èyí tó ń dùn mí ni pé bí èèyàn bá ṣe mí lóore lónìí, mo ní láti kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí n tó lè dúpẹ́.