Ilẹ̀kùn Jẹ́ẹ́dé Mánéèjì

Lọ́dún tí ṣúgà àti ọṣẹ wọ́n gógó, tí à ń tò nítorí agolo mílíìkì, bí o bá kí ènìyàn ní Ṣakí, èsì kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wa: "A ń mánéèjì." Ọbẹ̀ kò lẹ́ran, à ń mánéèjì ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ti lu, à ń mánéèjì ẹ̀. Nínú ọkọ̀ Kíṣí, ènìyàn mẹ́rin jókòó síbi tí ẹni méjì ń jókòó, ẹ sún mọ́ra, ẹ mánéèjì. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín kò lè mọ̀ ọ́n lò tó wa. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó túmọ̀ sí ni pé èyí tó yẹ kò sí, èyí tó wà nìyí, má pariwo.

Àwọn yòókù ń sọ ọ́ nítorí kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Jẹ́ẹ́dé káfíńtà ní tirẹ̀ sọ ọ́ di irin iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó la ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí, ló ti mú un bọ̀, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe mú òòlù iléeṣẹ́ bọ̀ wálé. Tábìlì tó bá kàn a máa mì. Ó ní kí wọ́n fi páálí há a lẹ́sẹ̀, kí wọ́n mánéèjì ẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kì í padé. Ó ní atẹ́gùn dára fún ara, kí wọ́n mánéèjì ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúkú burú, èyí ló ń bí ènìyàn nínú. Bí ó bá ti rí i pé àwọn ènìyàn yóò gba èyí tó wọ́, kí ló dé tí yóò fi wá wàhálà èyí tó gún?

Ìyàwó rẹ̀, ìyá Àsíátù, ti kú, Àsíátù fúnra rẹ̀ ti relé ọkọ, ilé wá dá páropáro. Ni ọkàn Jẹ́ẹ́dé bá fà sí Àwáwù, opó kan tó ń ta èlùbọ́, tí à ń pè ní Ìyá Mọ́ládé. Ó fẹ́ obìnrin yìí dénú. Ó máa ń gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá lọ síbi tí kò ní ohunkóhun ṣe.

Àwáwù wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kan ilẹ̀kùn sí yàrá tí òun ń kó gbodo sí, ìyẹn iṣu gbígbẹ tí wọn kò tíì lọ̀ di èlùbọ́, kí òjò tó dé. Ẹ ó rò pé yóò fi ilẹ̀kùn yẹn fẹ́ ìyàwó. Jẹ́ẹ́dé kó pákó àpótí jọ, ó gbá a ní ìṣó. Ilẹ̀kùn náà kúrú nísàlẹ̀, àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gba ọwọ́.

"Ìyá Mọ́ládé, máa mánéèjì ẹ̀ ná," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí a bá ti di ọ̀kan, màá kan ojúlówó."

Àwáwù wo ilẹ̀kùn, ó wo Jẹ́ẹ́dé. "Ẹ ṣeun, Bàbá Àsíátù."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni òjò gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ewúrẹ́ àdúgbò gba ibẹ̀ tẹ̀ lé e. Gbodo tí obìnrin yìí fi gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ sá lórí àpáta, èyí tí ewúrẹ́ kò jẹ, bíbu ló bu. Àwáwù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Jẹ́ẹ́dé gbọ́, ó káàánú rẹ̀ gidigidi, kò sì ronú kan ilẹ̀kùn rárá.

Kò pẹ́ sígbà náà tó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Ládòkun, lọ sílé bàbá Àwáwù láti tọrọ rẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì fún àlejò. Jẹ́ẹ́dé dá bẹ́ńṣì náà mọ̀. Ó ní òun yóò dúró, nítorí ọ̀wọ̀ àna. Bàbá Ládòkun, tí kò mọ nǹkan kan, fi gbogbo ara jókòó. Ẹnu ìkíni ló ṣì wà tí ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì fi yọ, tí baba náà nà gbalaja, tí fìlà rẹ̀ sì yí lọ bá àwọn adìẹ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," bàbá Àwáwù sọ, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà mánéèjì ẹ̀. Bí àwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí àbúrò yín ti kàn án."

Wọ́n pe Àwáwù kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ó fẹ́. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, mo ti mánéèjì ohun púpọ̀ láti ọjọ́ tí bàbá Mọ́ládé ti kú. Mi ò lè mánéèjì ọkọ. Kí Bàbá Àsíátù lọ kan ilẹ̀kùn mi bó ṣe yẹ ná, màá fún wọn lésì níbẹ̀."

Inú Jẹ́ẹ́dé dùn, nítorí wọn kò tíì lé e. Ó wá igi apá tó gbẹ dáadáa, ó sì yọ ìfági rẹ̀ tó ti dípẹtà lábẹ́ ibùsùn. Ó wọn férémù, ó tún un wọ̀n. Àwọn tó ń kọjá ń bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Nígbà tó gbé ilẹ̀kùn náà kọ́, kò ha ilẹ̀, kò dún, ó sì padé rẹ́gí. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ ọn lẹ́nu ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì.

Àwáwù wọ inú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Jẹ́ẹ́dé dúró síta.

"Bàbá Àsíátù," ohùn obìnrin náà kò fi bẹ́ẹ̀ jáde síta, nítorí pákó náà nípọn. "Ilẹ̀kùn yìí dára o. Látìgbà wo lẹ ti mọ irú èyí í ṣe?"

Orí Jẹ́ẹ́dé wú. "Há, látìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ ni!"



"Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ wá jẹ́ kí gbodo mi bàjẹ́," Àwáwù sọ. "Ẹ máa lọ sílé. Mi ò fẹ́ yín."

Jẹ́ẹ́dé fi ojú lé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kó lè rí i bóyá ó ń rẹ́rìn-ín, bóyá eré ló ń bá òun ṣe. Ó wá òkè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá ìsàlẹ̀. Kò rí àlàfo kankan.