Píkọ́ọ̀pù Gíga Ọmọ Afọwọ́gbọ́

Afọwọ́gbọ́ ni gbogbo wa ń pe mẹkáníìkì tí èmi fọkanáísà àti òun jọ ń lo àgbàlá kan. Ọkọ̀ kì í purọ́ fún un. Yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin, yóò ní kí ènìyàn máa yí sítíárìn, yóò sì fi ọwọ́ gbọ́ ibi tí àìsàn wà. Ó mọṣẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n. Orí kunkun rẹ̀ a máa bí mi nínú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ra píkọ́ọ̀pù kan tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi sípíríǹgì ńlá gbé ga. Èmi tí mo kúrú, àfi kí n wá àga kí n tó lè wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé e wá.

"Bàbá, tó bá ti kó sí kòtò, ṣe ni sítíárìn máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà òkè ni mo sì fẹ́ gbà lónìí."

Kánjúkánjú ni bàbá fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Ó mi táyà méjèèjì, ó fa gbogbo ọ̀pá, ó fi sípánà fún bóòtù. Kò sí èyí tó mì.

"Táyà ọ̀tún ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ni mo wí. "Nǹkan ń bẹ nísàlẹ̀ yìí o."

"Ìwọ gbájú mọ́ afẹ́fẹ́ táyà rẹ jàre." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Máa lọ, kò sí nǹkan kan."

Mo pa ẹnu mi mọ́. Ó ń dùn mí títí di òní.

Kò ju wákàtí kan lọ, wọ́n gbé ọkọ̀ mìíràn dé. Afọwọ́gbọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ bí ọkọ̀ náà ṣe dúró lórí táyà rẹ̀, láìfi jáàkì gbé e, ó ní kí n máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀. Mo ń yí i. Lójijì, ó ní kí n dúró. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Orí jáàkì ni mo ti yẹ ọkọ̀ ọmọ mi wò," ló wí. "Ọ̀pá tó di ẹsẹ̀ iwájú mú mọ́ ara ọkọ̀, ìwúwo ọkọ̀ kò sí lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Bí ihò bóòtù ẹ̀ bá tiẹ̀ ti fẹ̀, kò lè mì níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá sì ti gbé ga, ọ̀pá yẹn gan-an ló ń jìyà; bó bá sì já, sítíárìn ò ní gbọ́ mọ́. Ilẹ̀ ló yẹ kí n jẹ́ kó wà! Kí ni mo ń kánjú sí?"

Ó pe ọmọ náà, ó sì ṣí ohùn fóònù síta kí èmi náà lè gbọ́. Ọmọ gbé e.

"Níbo lo wà?"

"Mo ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè báyìí, Bàbá. Ó tún ti ń gbọ̀n o, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Rọra dẹwọ́ eré! Wá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí o dúró! Ta ló ń ké yẹn?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Mi ò fẹ́ kó wọn dání tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní kò sí nǹkan kan."

Afọwọ́gbọ́ tún pariwo pé kó dúró. Irin tó ń gbá irin là ń gbọ́ nínú fóònù, ó ń yára sí i.