Bí Mo Ṣe Gbé Ọ̀rọ̀ Ìdọ̀bálẹ̀ Lọ sí Kàdúná

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo yọ́ jáde nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan, ní ọdún kan tí epo bẹntiróòlù wọ́n ju oyin lọ. Ẹni tí ó bá pàdé mi ní ìdíkọ̀ yóò rò pé ewúrẹ́ ẹnìkan ni mo jí gbé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ lọ gbà padà. Ọ̀gá ilé ìwé wa ti sọ ọ́ lójú mi pé: "Tíṣà Láyíwọlá, lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá Àkànmú fúnra rẹ̀ ní Kàdúná bóyá ohun tó sọ ni o fi kọ́ àwọn ọmọ. Bí o kò bá mú èsì dé kí ìpàdé àwọn òbí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, má wulẹ̀ padà wá mú ṣọ́ọ̀kì."

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tí kò gbọ́. Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa Bàbá Àkànmú, ọmọ Ìlọrin tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè ní Kàdúná láyé òyìnbó, tó dá Ẹgbẹ́ Dìdedúró sílẹ̀ láti jà fún òmìnira. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn: "Ẹni tí a bí kò gbọdọ̀ wólẹ̀ fún ẹni tí a bí." Mo yọ àyà, mo ṣàlàyé pé inú ìwé òkèèrè ni ó ti rí ọgbọ́n yìí: ìwé kan láti Faransé, òmíràn láti Íńdíà, ẹ̀kẹta láti ọwọ́ àwọn dúdú Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kọ́ náà wọ àwọn ọmọ lára ju bí mo ṣe rò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀, kò sí ẹni tó kúnlẹ̀. Ọwọ́ ni gbogbo wọn nà sí bàbá wọn. Bàbá Délé, aránṣọ, ń lọ agbádá oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí Délé na ọwọ́ sí i pé, "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́." Ẹnu ya bàbá débi pé ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí agbádá náà. Ó gbé agbádá oníhò náà wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá, ó sì búra pé bí tíṣà yẹn bá fi lè na ọwọ́ sí òun pẹ́nrẹ́n, òun yóò kán an.

Ní Ìlọrin ni mo ti wọ Píjò tó ń lọ Kàdúná. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni wọ́n gbà, a sì san án láìjanpata, nítorí ẹni tó bá janpata á sùn sí gáréèjì. Dànládì ni orúkọ awakọ̀ wa, Hausa tó gbọ́ Yorùbá dáadáa nítorí pé ó ti gbé Sábó ní Ìbàdàn rí. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi mí sí, orúnkún mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. A ra ẹja díndín ní Jẹ́bbà, lẹ́bàá afárá Ọya, ata rẹ̀ sì mú wa dákẹ́ títí a fi dé Mókwà. Lẹ́yìn Mókwà, ọ̀nà bàjẹ́. Dànládì ń yà fún kòtò, àfi bí ẹni pé kòtò náà ń yà tẹ̀lé e.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìṣòro mi fún àwọn tí a jọ wọkọ̀. Bí mo bá dé iwájú Bàbá Àkànmú, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, mo ti ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀, ó sì lè lé mi. Bí mo bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìyá tó bí mi yóò gbọ́. Alhájà kan níwájú ní kí n fi orúnkún kan kúnlẹ̀, kí n sì na ọwọ́ kan, kí ó lè mú èyí tó bá wù ú.

"Kai, Tíṣà!" ni Dànládì wí. "Ṣe bíi tiwa."

Nígbà tí a dúró mu fùrá ní Tẹ́gínà, ìyẹn jéró tí wọ́n gún tí wọ́n sì pò mọ́ wàrà kíkan, ó fi hàn mí. Ó lọ síwájú àgbàlagbà kan ní gáréèjì, ó lóṣòó, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sókè díẹ̀, ó ní, "Ranka ya dade," ìyẹn ni pé kí ẹ̀mí yín gùn. Lẹ́yìn náà, ó bọ awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ náà kan àyà ara rẹ̀. Ìkíni wọn wù mí, nítorí aṣọ wọn kì í kan erùpẹ̀ bíi tiwa. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo ṣubú sí, pẹ̀lú fùrá lọ́wọ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé Kàdúná. Badarawa ni mo dé sí, lọ́dọ̀ Bọ̀dá Ràṣídì, ọmọ àdúgbò wa tó ń ta ike níbẹ̀. Mo kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá, wọ́n lóṣòó, wọ́n sì fi Hausa dá mi lóhùn pé, "Ina gajiya?" Bọ̀dá Ràṣídì ní àárẹ̀ ara mi ni wọ́n ń béèrè. Mo ní kí wọ́n má béèrè rẹ̀ mọ́, ó wà níbí, ó ń ṣe dáadáa.

Mo bi Bọ̀dá Ràṣídì léèrè nípa Bàbá Àkànmú.

"Ṣọ́ra o," ni ó wí. "Òyìnbó kan wá láti Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó kọjá, ó ń kọ̀wé nípa Bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti ṣòkòtò funfun. Wallahi, Bàbá lé e jáde kó tó mu omi."

Ọkàn mi balẹ̀. Ìdáhùn ti dé: bíbọ̀wọ́ ni.

Láàárọ̀ Tọ́sìdé, mo gun àṣàbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe alùpùpù akérò níbẹ̀, lọ sí Ungwan Rimi. Igi bo gbogbo títì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lẹ́yìn géètì kọ̀ọ̀kan. Ilé Bàbá ló kéré jù ní òpópónà náà. Ó jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì mú. Mo dúró ṣánṣán, mo na ọwọ́ mi sí i.

Bàbá wo ọwọ́ náà. Ó wò mí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú dàbínò kan, èso dídùn tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣínu, ó sì fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Jẹ ẹ́," ni ó wí. "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Tíṣà ni mí, sà, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀kọ́ yín ni mò ń tẹ̀lé."

"Ìdajì rẹ̀ ni, àbí odindi?"

Mo ń jẹ dàbínò náà lọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí mo ka ìwé ará Faransé yẹn tán," ni ó wí, "orí mi wú. Kò pẹ́ ni ìyá mi wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Ìlọrin. Mo na ọwọ́ sí i ní ìdúró ọkọ̀. Ìyá mi wo ọwọ́ náà títí. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tú u, ó fi ẹ̀kọ kan sí mi lọ́wọ́. Ó ní, 'Pẹ̀lẹ́, Àkànmú. O ò tíì jẹun látàárọ̀ ni?'"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.

"Gbogbo Faransé tó wà lórí mi ṣí lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí súmẹ́ńtì lójú àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìyàtọ̀. Ará Faransé kọ́ mi pé kí n má wólẹ̀ fún ẹni tó di pàṣán mú. Àwọn dúdú Amẹ́ríkà kọ́ mi pé kí n wo onítọ̀hún lójú. Ará Íńdíà kọ́ mi pé kí n má gbá a létí bí mo ṣe ń wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ìyá mi nínú wọn. Ìyẹn ni mo fi kún un fúnra mi: ẹni tó gbé ọ pọ̀n, wólẹ̀ fún un kó tó ní kí o wólẹ̀."

"Bàbá, kí ló dé tí a kò gbọ́ apá kejì yìí rí?"

"Àtẹ́wọ́ ni! Bí mo bá ti sọ apá kìn-ín-ní, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gbé mi sórí èjìká. Ṣé orí èjìká ni èèyàn ti ń parí ọ̀rọ̀?"

Mo bi í léèrè nípa òyìnbó náà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ni mo lé. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bóyá ni kò fi mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kó tó dìde nílẹ̀ ni ó ti ń sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo èrò mi ti wá. Àgbà ti dé sí mi, Tíṣà. Mi ò fẹ́ kí n kú tán kí wọ́n wá máa pè mí ní ọmọ ọ̀dọ̀ ìwé. Mo bá àwọn ìwé yẹn jìjàkadì. Wọ́n dá mi, mo dá wọn."

Ohun tí òyìnbó náà sọ gan-an ni mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ sójú pátákó. Mo gbé dàbínò náà mì tòun ti kóró.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ohun tí àwọn òbí fi lè gbà mí gbọ́. Ó ní òun kò ní kọ ohunkóhun. "Lọ ṣe é lójú wọn," ni ó wí, ó sì di dàbínò díẹ̀ sínú bébà fún àwọn bàbá ọmọ. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, n kò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ lù mí lẹ́yìn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. "Ó tó. Dìde dúró."

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni mo padà dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú eruku lórí, inú mi sì dùn bí mo ti ń fòyà. Mo ti lọ béèrè ohun tí ìwé òkèèrè kọ́ bàbá kan. Èsì tí òun náà fún ìwé ni mo gbé bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn bàbá ti péjọ sábẹ́ igi máńgòrò ní ilé ìwé. Bàbá Délé ló wà níwájú, Délé dúró tì í. Mo lọ tààrà, mo dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọwọ́ Bàbá Délé ló nà gbọọrọ lókè orí mi.

"Tíṣà, èwo tún ni èyí?" ni ó kígbe. "Délé fi ẹkún bẹ̀ mí kí wọ́n má lé ọ. Láti àná ni mo ti ń kọ́ bíbọ̀wọ́ yìí!"

Láti ilẹ̀ níbẹ̀, mo yọ dàbínò kan, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó sì fi ọwọ́ kan náà fà mí dìde. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ gíláàsì rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ síwájú kí n sọ̀rọ̀, pé ṣọ́ọ̀kì mi ń dúró dè mí.

Mo sọ apá kìn-ín-ní ẹ̀kọ́ Bàbá Àkànmú fún wọn. Bàbá Délé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́. Délé yára di ọ̀kan mú, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀." Mo sọ apá kejì. Délé àti bàbá rẹ̀ kò jọ̀wọ́ ọwọ́ ara wọn títí ìpàdé fi tú.