Eloína Yescas Kò Ya Ìwé Kankan

Láti kékeré ni orí Eloína Yescas ti le. Bí wọ́n bá ní kó má gba ibì kan kọjá, ibẹ̀ gan-an ni yóò gbà. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi kúrò ní Yagalisi, abúlé wọn lórí òkè Oaxaca, tó fẹsẹ̀ gba aṣálẹ̀ lọ sí Los Angeles. Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ náà sì ni ìròyìn ikú bàbá rẹ̀ ti bá a. Kò ní ìwé. Bó bá lọ sìnkú, kò ní rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọjọ́ náà ló búra pé òun yóò gba ìwé àwọn ènìyàn yìí, kì í ṣe pé òun fẹ́ràn wọn, àmọ́ kí wọ́n má tún lè ti ilẹ̀kùn mọ́ òun láé.

Ó sì gbà á. Ó di ọmọ Amẹ́ríkà, kò sì fi ti Mẹ́síkò sílẹ̀, nítorí òfin Mẹ́síkò fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ wó, ta ni yóò dá a dúró lójú ọ̀nà? Òun ló fún ìyá rẹ̀ lómi mu, òun ló pa ojú rẹ̀ dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, kò padà sí Los Angeles mọ́. Ó ń gbé ilé ìyá rẹ̀, ó gbin àgbàdo sẹ́yìnkùlé, ó ní òun dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní Yagalisi, ìlú ló ni ilẹ̀, ẹni tó bá sì ń sin ìlú ló ń gbé orí rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ọ̀wẹ̀, o ó jáde. Bí iṣẹ́ ìlú bá kàn ọ́, o ó ṣe é. Ìyá ti kú, ta ni yóò wá dúró fún ilé? Ìpàdé ìlú ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, Bàbá Fulgencio Chimil ló sì dá a sílẹ̀. Fulgencio yìí, àgbà ni, ó ti ṣe olórí ìlú rí, kò sì sí ìpàdé tí kì í ti bá ènìyàn jà.

“Obìnrin yìí ti nawọ́ sókè níwájú àsíá àwọn gringo Amẹ́ríkà, ó ti búra fún wọn,” ó ní. “Tiwọn ni. Bó bá fẹ́ ilé, kó mú ìwé Amẹ́ríkà yẹn wá, kó ya á níṣojú wa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ìlú gba ilé náà.”

Eloína dìde. “Ẹ kú àgbà, Bàbá. Mi ò ní ya á.”

“Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?” Fulgencio kọjú sí ìpàdé.

“Ẹ jẹ́ n tún un sọ. Nígbà tí bàbá mi kú, mi ò ní i, mi ò rí ojú wọn. Nígbà tí ìyá mi ń kú, mo ní i, orí itan mi ni wọ́n kú sí. Kí n wá ya á torí kí inú yín lè dùn? Inú yín ò dùn rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín.”

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Fulgencio. “Ọmọ àlè ló ń fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀.”

“Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń júwe tèmi, Bàbá. Òun ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Àwọn gringo yẹn ní kí n máa lọ sí Mẹ́síkò, ẹ̀yin náà ní kí n máa lọ sí Amẹ́ríkà. Ṣé òfuurufú ni kí n wá kọ́lé sí?”

Wilfrido, olórí ìlú, gbá tábìlì. “Màmá, ẹ fi ti ìwé sílẹ̀ ná. Ẹ ò ṣiṣẹ́ ìlú kankan rí. Èwo lẹ fẹ́ ṣe?”

“Èwo ló lè ṣe?” Fulgencio rẹ́rìn-ín. “Àfi kó ṣe topil.”

Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Topil ni ìránṣẹ́ ìlú, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí ọ̀pá ìlú máa ń wà lọ́wọ́ wọn: àwọn ló ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn, àwọn ló ń jíṣẹ́ kiri, àwọn ló sì ń ti ọ̀mùtí mọ́lé. Eloína ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa.

“Ẹ fún mi lọ́pá,” ó ní.

Ẹ̀rín dá. “Màmá, iṣẹ́ ọmọdé ni o,” Wilfrido ní.

“Ibi tí gbogbo yín ti bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún mi lọ́pá.”

Wọ́n fún un. Ó gbálẹ̀, ó pọn òkè lọ jíṣẹ́ nínú òjò, orúnkún ń ro ó bí ẹni tí wọ́n lù. Lọ́jọ́ kan ó dúró lójú ọ̀nà, ó bú gbogbo wọn láti orí baba ńlá wọn, ó nu ojú, ó sì ń lọ. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a máa pè é ní Màmá Gringa. “Gringa ni mí, ọmọ Mẹ́síkò ni mí, ọmọ Yagalisi ni mí,” yóò dá wọn lóhùn. “Èwo lẹ fẹ́ bá jà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ gbé ìgbálẹ̀, ọ̀lẹ lásán-làsàn.”

Ọdún ìlú wá dé. Lọ́sàn-án, níbi tí wọ́n ti ń gun akọ màlúù, Fulgencio ti mu ọtí mezcal yó kẹ́ri. Ó gbé àga sókè, ó ní òun yóò fọ́ ọ mọ́ onífèrè kan lórí. Wilfrido juwọ́ sí àwọn topil, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin ń wo ilẹ̀. Ta ni yóò fọwọ́ kan àgbà tó ti ṣe olórí ìlú? Eloína lọ bá a.

“Bàbá, ẹ gbé àga yẹn sílẹ̀, ká lọ.”

“Ará Amẹ́ríkà ò lè mú mi ní ìlú bàbá mi.”

“Ará Amẹ́ríkà kọ́. Ìlú bàbá yín ló ní kí n mú yín. Ẹ máa bọ̀.”

Ó dì í lápá mú. Fulgencio ta gìrọ́gìrọ́, ó fara ti èjìká rẹ̀, báyẹn ni wọ́n ṣe rìn kọjá láàárín èrò. Eloína tì í mọ́lé, ó sì gbé kọfí fún un.

Nígbà tí ọtí dá lójú Fulgencio, ó pe obìnrin náà láti inú àtìmọ́lé. “Eloína.”

“Mò ń gbọ́ yín.”

“Ọmọ tí Nahum ọmọ mi tó wà ní Los Angeles bí, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Ó ní òun máa wá gbé ilé mi bí mo bá kú. Òun nìkan ló fẹ́ ẹ nínú gbogbo wọn. Ìwé ti ibí, ṣé wọ́n lè fún un, kó má sì sọ tọ̀hún nù?”

Èébú kún ẹnu Eloína, ó gbé e mì. “Wọ́n á fún un. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, ọmọ Mẹ́síkò ni bàbá ẹ̀. Ọ́fíìsì Mẹ́síkò wà ní Los Angeles, èmi fúnra mi á júwe ẹ̀ fún Nahum.”

“Àwọn ará ìpàdé ńkọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn lóhun tí wọ́n máa sọ fún un. Ẹ tètè lọ kọ́ wọn ní òmíràn. Orúkọ mi lẹ ó sì kọ́kọ́ dá ní ìpàdé kẹ́ ẹ tó dá ti ọmọ-ọmọ yín.”

Ó di ìpàdé tó tẹ̀ lé e kí Fulgencio tó dìde láàárín àwọn ènìyàn. Ó dárúkọ Eloína Yescas, ó ní tirẹ̀ ni ilé ìyá rẹ̀, ìwé yòówù kó wà lápò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni kó rí fún un. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn topil máa ń dúró, ni Eloína wà. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń retí kó dúpẹ́. Kò dúpẹ́. Ta ló ń dúpẹ́ pé wọ́n fún òun ní ilé ìyá òun?