Kò Sí Aláìsàn Nílé Oyèwálé

Bí ẹ bá dé ilé Oyèwálé ní Martindale lókè òkun, tí ẹ bá a tí ibà ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, tí ẹ ní báwo lara, èsì kan ló ní: "I'm strong." Àwọn ará ilé á sì ṣe àmín. Kì í ṣe irọ́ o, ìgbàgbọ́ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ nígbà tó ṣì ń ṣe ẹnjiníà ní Port Harcourt, pé ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àìsàn ti gbà á lálejò. Dóyin ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń bi àwọn èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ pé níbo ló ń dùn wọ́n, òun náà kì í sọ tirẹ̀ bó bá délé. Inú èyí ni Ṣínà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, dàgbà sí.

Ṣínà di gbajúmọ̀ ní college nídìí football tiwọn níbí, èyí tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n ń kan ara wọn bí àgbò. Wọn ò san owó oṣù fún un. Owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n gbé kúrò lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti ń sáré lórí pápá, bí snow ń bọ́, bí kò bọ́. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ta ẹ̀wù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn. Oyèwálé náà ra ọ̀kan. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ní warehouse, orí rẹ̀ ń wú.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ẹnìkan kọ lu Ṣínà. Ó ṣubú, ó dìde, ó wá ń rìn lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ kejì jókòó sí, kí wọ́n tó dá a padà. Oyèwálé rí i láti orí àga rẹ̀ láàárín àwọn òǹwòran. Ó ní, "Olúwa, mi ò gbà á," ó sì jókòó padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ṣínà tún wọ pápá, wọ́n tún kọ lù ú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dìde bọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, inú basement, yàrá abẹ́ ilé wọn, ló ń gbé pẹ̀lú kọ́tìnnì dúdú tó ń dí ìmọ́lẹ̀. Kò lè ka ojú ìwé kan tán. Nígbà tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, sikọ́láṣípù parí. Dóyin béèrè owó ìtọ́jú lọ́wọ́ college, wọ́n ní eléré kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bí páálí bá já lu Oyèwálé lẹ́sẹ̀ ní warehouse, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Àṣé orí ọmọ rẹ̀ kò tó ọmọ ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ẹgbẹ́ nìkan ló kù, ìyẹn náà á sanwó kìkì bí wọ́n bá lè fi hàn pé orí ti ń dùn ún kí wọ́n tó dá a padà sórí pápá lọ́sẹ̀ kejì.

Ìdí nìyẹn tí bàbá àtọmọ fi jókòó níwájú obìnrin ìnṣọ́ránsì lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Obìnrin náà níwà pẹ̀lẹ́. Ó na fọ́ọ̀mù ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ lu Ṣínà sí wọn. Níbi tí wọ́n ti bi Ṣínà pé báwo lorí, ẹni tó ń tọ́jú àwọn eléré kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀: I'm strong. Ṣínà sì fọwọ́ sí i.

Oyèwálé ṣàlàyé títí, pé bí àwọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Obìnrin náà kàn ń mi orí. Ni Oyèwálé bá kọjú sí ọmọ.

"Ṣínà, sọ fún wọn. Sọ pé ó dùn ẹ́."

"Daddy, I don't remember that day."

Oyèwálé wá ní òun rí i, òun fojú ara òun rí i tó ń ṣìnà. Obìnrin náà gbé bírò. Ó béèrè, láìfi ṣe ìjà, pé ta ni ó sọ ọ́ fún lọ́jọ́ náà. Ọlọ́run nìkan ni Oyèwálé sọ ọ́ fún. Ẹyin lohùn, èyí tó yẹ kó sọ, kò sọ, èyí tó kọ́ ọmọ rẹ̀ ló ti fọ́ yìí.

Wọ́n wọ train padà sí Martindale. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lára snow ń gún Ṣínà lójú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀.

"Orí ńkọ́?" Oyèwálé bi í. Ó fẹ́ mọ̀, tọkàntọkàn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

"I'm strong, Daddy."

Ó yẹ kó ṣe àmín. Ó gbìyànjú rẹ̀ títí tí train fi dé Martindale, kò jáde lẹ́nu rẹ̀.