Búrẹ́dì Tí A Mọ̀ọ́mọ̀ Jẹ́ Kó Bu

Lọ́dún tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Barking nílùú Òyìnbó, tísà wa to búrẹ́dì, àjàrà àti ẹja tútù sórí tábìlì. Ó ní ká máa yà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi jẹrà. Nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, ó ní, báyìí ni àwọn ayàwòrán àtijọ́ ṣe ń rán olówó létí pé òun náà yóò kú.

Búrẹ́dì bu, ó hu irun wúruwùru. Ẹja yọ ìdin, mo sì ń gbé òórùn rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo rẹ̀ ń rí mi lára. Nílé wa, èérún gààrí lásán, ìyá mi kì í jẹ́ ká dà á nù.

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé nísàlẹ̀ ilé kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kan náà, ìjọ kan ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn á sì tò títí dé òpópónà.

Ìbínú ni mo fi ya búrẹ́dì yẹn, ó sì jọ ọ́ gan-an. Tísà yìn mí, ó gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri ìsàlẹ̀, lókè orí àwọn tó tò.

Ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn, ohùn Ìjẹ̀bú ló ń sọ. Mo kí i, ó bi mí bóyá èmi ni mo yà á. Mo ní èmi ni, mà. Ó wò ó pẹ́.

“Ọmọ mi, wọn ì bá gé ibi tó bu yẹn kúrò,” ló wí. “Ìyókù ṣì ṣe é jẹ.”